Ìdí tí Ọkọ̀ Akẹ́rù fi ń Ṣubú ní Ráńdábáòtù

Ẹni tí ó bá ń rin ìrìn-àjò ní ilẹ̀ wa lóde òní kò lè ṣàì ti rí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lójú pópó bí màlúù tí ó kú, tí ẹrù inú rẹ̀ fọ́n káàkiri, tí àwọn ènìyàn sì ṣù bò ó bí eṣinṣin. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà gbọọrọ ni ó ṣubú sí, kíá ni a ó sọ pé eré àsápajúdé ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń rú ni lójú ni pé irú jàǹbá yìí wọ́pọ̀ ní ráńdábáòtù pẹ̀lú, èyíinì ni oríta tí a mọ òbìrí sí láàárín, tí ọkọ̀ gbogbo gbọ́dọ̀ yí po kí ó tó bọ́ sí ọ̀nà tirẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tí ó ń sáré púpọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, tírélà tí ó ti rin ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà láìfarapa yóò dé ibẹ̀, yóò rọra tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, yóò sì dùbúlẹ̀ gbì. Kí ni ó ń fà á?

Oríta ni Èṣù ń gbé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Oríta ni a sì ń gbé ẹbọ sí. Nítorí náà kò ṣòro fún àwọn ènìyàn láti gbà pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣubú ní oríta ti ṣẹ ẹnì kan tí ojú kò rí. Àwọn mìíràn a ní Ògún ni ebi ń pa. Awakọ̀ fúnra rẹ̀, bí orí bá kó o yọ, a ní bíréèkì ni ó já. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ a ní awakọ̀ ni ó mu ọtí. N kò wá síhìn-ín láti bá ẹnikẹ́ni du ìgbàgbọ́ rẹ̀. Bíréèkì a máa já, awakọ̀ a sì máa mu ọtí nítòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ pé, tí awakọ̀ rẹ̀ kò fi ẹnu kan ọtí, tí eré rẹ̀ kò sì tó ti ẹṣin, a máa ṣubú pẹ̀lú. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní ìhà àríwá Èkìtì gidigidi. Láti ìgbà pípẹ́ ni ọ̀nà tiwa ti jẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ akẹ́rù. Ní ayé àwọn baba wa, bọ́lẹ̀kájà onípákó ni ó ń kó kòkó àti èrò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lónìí, tírélà ni. Ọ̀nà tí ó ti Kàbà wọ Òmùò, tí ó gba Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́ dé Ìfàkì, ni ó so ilẹ̀ wa pọ̀ mọ́ Ọbájànà ní ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ńlá wà, àti mọ́ Òkè Ọya, níbi tí ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti màlúù ti ń wá. Ní Ìfàkì, ọ̀nà Ọ̀yẹ́, ọ̀nà Ìdó àti ọ̀nà Adó pàdé ara wọn, ọkọ̀ tí ó bá sì dé ibẹ̀ kò lè ṣàì yí. Bí ó bá tẹ̀ síwájú dé Adó-Èkìtì, yóò tún bá ráńdábáòtù Fájuyì pàdé. Ojú ọ̀nà wọ̀nyí kò ṣófo. Láti ìgbà tí a ti dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti kún Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Ọ̀kadà ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Àwọn ìyá tí ń ta àgbàdo sísun àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì fẹ́ràn ibi tí ọkọ̀ gbé ń dẹ eré, nítorí ibẹ̀ ni èrò ti ń rí ọjà rà. Nítorí náà, bí tírélà bá ṣubú ní oríta wa, kì í ṣe orí ilẹ̀ lásán ni ó ń ṣubú lé.

Àdánidá ohun gbogbo tí ń rìn ni pé kò fẹ́ yà. Isaac Newton, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ òfin yìí sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1687: ohun tí ń lọ yóò máa lọ gbọnrangandan, àfi bí agbára kan bá fà á kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ èrò rí ti mọ òfin náà kí ó tó gbọ́ orúkọ Newton. Bí awakọ̀ bá ṣẹ́ ọkọ̀ sí òsì lójijì, gbogbo èrò a wọ́ sí ọ̀tún, ẹni tí ó wà lẹ́bàá fèrèsé a sì kígbe pé wọ́n ti fẹ́ tẹ òun pa. Kò sí ẹni tí ó tì wọ́n. Ọkọ̀ ni ó yà. Ara wọn ni kò tíì fẹ́ yà.

Bí èrò ti ń ṣe ni ẹrù náà ń ṣe. Nígbà tí awakọ̀ bá yí sítíárì, táyà ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ìpè, nítorí òun ni ó fara kan ilẹ̀. Ilẹ̀ di táyà mú, ó ń fà á sí inú òbìrí. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ó wà lókè kò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ṣì fẹ́ máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ tààrà. Ìsàlẹ̀ ń lọ sí òsì, òkè ń lọ sí ọ̀tún. Bí a bá gbá ènìyàn lẹ́sẹ̀ sí apá kan tí a sì ti orí rẹ̀ sí apá kejì, a kì í béèrè ìdí tí ó fi ṣubú.

Ẹ wá béèrè pé, kí ló dé tí ọkọ̀ kékeré kò fi ń ṣubú bẹ́ẹ̀, nígbà tí òun náà ń yí òbìrí kan náà po? Ẹ mú páálí ìṣáná kan. Ẹ fi í lélẹ̀ pẹrẹsẹ lórí tábìlì, kí ẹ fi ìka tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́: yóò fà lọ, kò ní ṣubú. Ẹ wá gbé e nàró, kí ẹ ti orí rẹ̀: yóò ṣubú kí ó tó fà. Ìṣáná kan náà ni, ìwúwo rẹ̀ kò sì yàtọ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí ó ti ga tó, àti bí ẹsẹ̀ tí ó fi dúró ti gbòòrò tó. Gbogbo ohun tí ó wúwo ní ọ̀gangan ibi kan nínú ara rẹ̀ tí a lè sọ pé ìwúwo rẹ̀ parapọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí a pe ibẹ̀ ní ìdodo ìwúwo. Nínú ọkọ̀ kékeré, ìdodo yìí kò ga ju nǹkan bí ìdajì mítà lọ sí ilẹ̀. Nínú tírélà tí a di ẹrù kún dé òkè, ó lè tó mítà 2. Bẹ́ẹ̀ ni ìbú tírélà kò lè ju nǹkan bí mítà 2.5 lọ, nítorí ọ̀nà kò gba jù bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ni ìṣáná tí ó dùbúlẹ̀. Tírélà ni èyí tí ó nàró.

Ohun tí ó tẹ̀lé èyí ṣe pàtàkì, àwọn ènìyàn kì í sì í sábà ronú kàn án. Bí ọkọ̀ kékeré bá sáré jù ní ibi tí ọ̀nà yí, táyà rẹ̀ a kọ́kọ́ yọ̀, a sì máa ké fín-ín. Igbe yẹn ni ó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ pé kí ó dẹ eré. Tírélà tí ẹrù rẹ̀ ga kì í kìlọ̀. Yóò ti ṣubú kí táyà rẹ̀ tó yọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ràn ìṣirò, ẹ fara dà á, kò gùn. Ká ní ọ̀nà tí tírélà ń tọ̀ jìnnà sí àárín òbìrí ní mítà 20, kí àpapọ̀ ìwúwo ọkọ̀ àti ẹrù sì jẹ́ tọ́ọ̀nù 30. Bí ó bá ń sáré kìlómítà 20 láàárín wákàtí kan, agbára tí ń tì í síta kò ju ìdá kan nínú mẹ́fà ìwúwo rẹ̀ lọ. Ó dà bí ẹni pé ẹrù tọ́ọ̀nù 5 ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí eré bá di 30, a lè rò pé ìdajì ni yóò fi lé e. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára náà yóò ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ, yóò sì lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ọkọ̀, tọ́ọ̀nù 10 ó lé. Bí eré bá di 40, yóò di ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 19. Ìdí ni pé bí a bá sọ eré di ìlọ́po méjì, agbára tí ń tì síta a di ìlọ́po mẹ́rin. Bí eré bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára a di ìlọ́po mẹ́sàn-án.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti gbé tírélà lé orí pẹpẹ tí a lè tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì ti ṣọ́ ìgbà tí yóò ṣubú. Wọ́n rí i pé èyí tí ẹrù rẹ̀ ga lè wó nígbà tí agbára ìtì bá ti tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀. Ẹ fi èyí wé ìṣirò wa. Ní kìlómítà 20, ọkọ̀ náà ń lọ ní àlàáfíà. Ní 30, ó ti wà ní etí ọ̀gbun. Ní 40, kò sí awakọ̀ náà, bí ó ti wù kí ó mọ iṣẹ́ tó, tí ó lè mú un dúró. Bẹ́ẹ̀ ni 40 kì í ṣe eré lójú ẹnikẹ́ni. Ọ̀kadà tí ó gbé èrò méjì ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìlú. Awakọ̀ tí ó ti ń fi kìlómítà 80 bọ̀ láti òru, tí ó wá tẹ bíréèkì títí eré rẹ̀ fi di 40, yóò rò lọ́kàn rẹ̀ pé òun ń rá bí ìgbín ni. Ojú rẹ̀ àti ara rẹ̀ ni ó ń tàn án jẹ. Òwe wa tí ó ní kí igi gogoro má gùn wá lójú, pé òkèèrè ni a ti ń wò ó, bá irú ọ̀ràn yìí mu gan-an, nítorí ẹni tí kò bá tíì dẹ eré dé 20 kí ó tó wọ òbìrí kò ní ààyè láti dẹ ẹ́ mọ́ nínú rẹ̀.

Apá wo ni yóò ṣubú sí? Títí di 1972, apá òsì ọ̀nà ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún náà ni ìjọba yí i padà sí apá ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọkọ̀ tí ń yí ráńdábáòtù po ní ilẹ̀ wa ń fi òbìrí àárín sí ọwọ́ òsì rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún, ní ìhà ìta, ni ẹrù ń tì í sí. Ẹni tí ó wà lórí òbìrí àárín kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ewu nígbà náà. Ẹni tí ó dúró ní etí ọ̀nà ní ìhà ìta ni ó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọkọ̀ kékeré tàbí ọ̀kadà tí ó ń fún ara rẹ̀ gba apá ọ̀tún tírélà kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn alágbàtà wa ń pàtẹ sí.

Ṣùgbọ́n ìyípo náà kì í ṣe ẹyọ kan. Kí ọkọ̀ tó wọ òbìrí, yóò kọ́kọ́ yà sí ọ̀tún. Bí ó ti wọ inú rẹ̀, yóò yí sí òsì. Bí ó bá ń jáde, yóò tún yà sí ọ̀tún. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹrù tí ó ti tẹ̀ sí òsì yóò fì sí ọ̀tún, yóò sì tún fì padà sí òsì. Ẹni tí ó fẹ́ fa èèkàn ewúrẹ́ tu kì í tì í sí apá kan ṣoṣo. Ó ń mì í síwá, ó ń mì í sẹ́yìn, títí yóò fi tú. Bẹ́ẹ̀ ni ráńdábáòtù ń mi tírélà. Bí sípíríǹgì ọkọ̀ bá ti rọ̀, tàbí tí ọ̀kan nínú wọn ti ṣẹ́ tí wọ́n fi okùn dì í, ìfì kejì a máa le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kì í ṣe ìwúwo nìkan ni ó ń pa ọkọ̀, bí àwọn ènìyàn ti ń wí. Sìmẹ́ǹtì wúwo púpọ̀, ṣùgbọ́n ipele àpò díẹ̀ ni tírélà lè gbé nínú rẹ̀, nítorí náà kì í ga. Iṣu, èédú àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń tò títí wọn yóò fi ga ju ilé lọ, tí wọn yóò sì tún di kẹ̀kẹ́ àti àga mọ́ ọn lókè, tí ọmọ ọkọ̀ yóò wá jókòó lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ti màlúù tún yàtọ̀. Ó wà láàyè, orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó dúró sí. Bí ọkọ̀ bá yà, gbogbo wọn a wọ́ lọ sí apá kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbi tí kò ti yẹ kí wọ́n lọ.

Èyí tí ó burú jù nínú ẹrù tí ń rìn ni omi àti epo. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń pọnmi lódò mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tí ó ru ìkòkò omi tí ó kún kì í ní ìṣòro púpọ̀. Ẹni tí omi rẹ̀ dé ìdajì ni omi ń bì síhìn-ín bì sọ́hùn-ún, tí ó sì ń fa ọrùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń já ewé tútù lé ojú omi, tàbí kí wọ́n da igbá dé e, kí ó má baà máa rú. Ọkọ̀ agbépo kò ní ewé. Òótọ́ ni pé a máa ń dá ògiri irin sí inú táńkì rẹ̀ láti apá kan dé apá kejì. Ògiri wọ̀nyí kò jẹ́ kí epo rọ́ lọ síwájú bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n wọn kò lè dí i lọ́wọ́ láti rọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó ti já lára epo rẹ̀ ní Ìfàkì, tí ó wá ń gbé ìyókù tí kò kún táńkì lọ sí Ìkọ̀lé, lè ní ewu ju ọkọ̀ tí táńkì rẹ̀ kún lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fúyẹ́ jù ú. Bí ó bá ti yí, epo a gun ògiri táńkì ní ìhà ìta, ìdodo ìwúwo a sì tẹ̀lé e lọ sí ibẹ̀.

Tírélà tún ní àbùkù mìíràn tí lọ́rì àtijọ́ kò ní. Ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Orí rẹ̀ dá wà, ìrù rẹ̀ dá wà, ìkọ́ kan ni ó so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé pákó gígùn tàbí àkàbà lọ sínú ọ̀ọ̀dẹ̀ mọ̀ pé bí orí ti ń yà ní kọ̀rọ̀, ìdí kì í tọ ipa orí. Ó ń gé kọ̀rọ̀ náà, ó sì ń gbá ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tírélà ń gé òbìrí. Bí ààyè kò bá tó, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní apá òsì yóò gun etí kọnkéré òbìrí náà. Nígbà tí a bá gbé apá òsì sókè, apá ọ̀tún ni a ń tẹ̀ sílẹ̀, àti pé apá ọ̀tún ni ẹrù ti ń tì í sí tẹ́lẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí a ti ẹni tí ó ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Èyí tí ó tún burú ni pé awakọ̀ tí ó jókòó ní orí kì í mọ ohun tí ń ṣe ìrù. Orí lè ti dúró tọ́, kí ẹsẹ̀ ìrù sì ti kúrò nílẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi rí i nínú dígí, ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀, nítorí a kì í sábà dá a lẹ́bi. Àwọn tí ń la ọ̀nà a máa mú kí ó dagun díẹ̀ kí omi òjò lè ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Ní ráńdábáòtù, ìhà ìta ni wọ́n sábà máa ń da ìdagun náà kọ. Ó dára fún omi. Kò dára fún tírélà, nítorí ilẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sí apá tí ẹrù ń tì í sí. Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, wọ́n ń ṣe ìgbànú kọnkéré pẹlẹbẹ kan yí òbìrí ká, èyí tí kò ga, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tírélà lè gùn láìtẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kékeré kò ní fẹ́ gùn. Owó rẹ̀ kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì le láti ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ́wọ́ ní ọgbà yunifásítì tí ó wà ní Ìkọ̀lé lè ya àwòrán rẹ̀ láàárín ọ̀sán kan.

Ohun kan náà tí ń ṣẹlẹ̀ ní ráńdábáòtù a máa ṣẹlẹ̀ ní ibikíbi tí ọ̀nà bá ti yí, ìbáà ṣe lórí àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tàbí lórí afárá. Afárá Òjúẹlẹ́gbà ní Èkó ni ó fi èyí hàn jù lọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án 2015, kọ̀ǹténà kan jábọ́ láti orí rẹ̀, ó sì tẹ ènìyàn 3 pa nínú ọkọ̀ kékeré tí ó wà nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2023, òmíràn tún jábọ́ níbẹ̀ lé ọkọ̀ èrò lórí. Ènìyàn 9 ni ó kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Kọ̀ǹténà jẹ́ àpótí irin ńlá tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ihò, kí a lè fi ìdè irin dè é mọ́ àyà tírélà. Àwọn kan wà tí kì í dè é rárá. Wọ́n ní bí ó bá fẹ́ ṣubú, kí ó kúkú dá ṣubú, kí ọkọ̀ má baà bá a lọ. Ẹ ro irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ wò: ẹni tí ó ń dáàbò bo irin tirẹ̀ ti pinnu, kí ó tó kúrò ní ibi tí ó ti di ẹrù, pé orí ẹlòmíràn ni kí ó gba àjálù náà.

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ agbépo ni, ìṣubú kì í ṣe òpin. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 2024, ọkọ̀ agbépo kan dojú dé ní Majiya ní ìpínlẹ̀ Jigawa. Àwọn ará ìlú sáré lọ gbọ́n epo, iná sì sọ, ó pa ènìyàn tí ó lé ní 150. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní 2025, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nítòsí oríta Dikko ní ìpínlẹ̀ Niger, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 80. Láti oṣù kẹta ọdún 2025 ni àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso epo ti fi òfin de ọkọ̀ tí ó gbà ju lítà 60,000 lọ pé kò gbọdọ̀ gba epo mọ́. Lítà 60,000 epo bẹntiróòlù tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 44, láìka irin ọkọ̀ mọ́ ọn. Mo rò pé òfin náà dára, bí ó tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé. Mo sì rò pé kò tíì kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà, nítorí táńkì kékeré tí epo dé ìdajì inú rẹ̀ ṣì lè ṣubú ní oríta ní kìlómítà 35.

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí a dá sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ti pàṣẹ pé kí àwọn ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù fi ẹ̀rọ tí ń dín eré kù sínú ọkọ̀ wọn. Ẹ̀rọ náà wúlò lójú ọ̀nà gbọọrọ, níbi tí ọkọ̀ ti lè sáré ju 100 lọ. Kò lè ran ni lọ́wọ́ ní ráńdábáòtù, níbi tí eré tí ń pani kò tó ìdajì èyí tí ẹ̀rọ náà gbà láyè. Ibi tí a ti ń gba tírélà là ni ibi tí a ti ń di ẹrù rẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń pinnu bóyá ohun tí ó wúwo ni yóò wà nísàlẹ̀ àbí lókè, bóyá kọ̀ǹténà yóò ní ìdè, bóyá ìrìn kan ni a ó fi kó ẹrù ìrìn méjì. Awakọ̀ kọ́ ni ó sábà ń pinnu nǹkan wọ̀nyí. Olówó ọkọ̀ àti oníṣòwò ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá ṣubú, awakọ̀ ni ọlọ́pàá yóò mú, tàbí kí ó jẹ́ òun ni a ó gbé lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Ẹni tí ó dá owó ẹrù kì í sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kò lè di ẹrù fún ẹnikẹ́ni, ẹ kò sì lè tún ọ̀nà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ lè wọn eré tírélà láìní ẹ̀rọ kankan. Tírélà gígùn, láti imú dé ìrù, tó nǹkan bí mítà 16. Ọkọ̀ tí ń sáré kìlómítà 30 láàárín wákàtí kan ń rin mítà 8 àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ dúró jìnnà sí ojú ọ̀nà, kí ẹ yan òpó iná kan tí ó wà ṣáájú oríta. Bí imú tírélà bá ti kan òpó náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá, ní pẹ̀lẹ́. Bí ẹ bá kà tó mẹ́ta kí ìrù rẹ̀ tó kọjá, ó ń lọ ní nǹkan bí 20. Bí ẹ bá kà tó méjì péré, ó ti tó 30. Bí ìrù rẹ̀ bá ti kọjá kí ẹ tó ka méjì tán, tí ẹrù rẹ̀ sì ga, ẹ pariwo sí ìyá tí ń sun àgbàdo ní ìhà ìta òbìrí náà pé kí ó fi iná sílẹ̀, kí ó sì sá.